Ẹni Tó Rán "Ẹ Kú Ewu Ọmọ" Lọ Sílé Ọ̀fọ̀

Bọ́lájí, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o sì jókòó ti ìyàwó rẹ. Louisa, gbé igbá ẹ̀kọ yẹn kalẹ̀ ná, ọmọ mi. Mi ò ní lè mu ún láìsọ ohun tó wà lọ́rùn mi. Ikọ́ yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́. Mo mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ kàn ń fi pamọ́ fún mi ni. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, orúkọ ẹni tí kò ṣẹ̀ ni yóò máa bàjẹ́ lọ láyé. Bàbá rẹ ni, Louisa. Ọ̀rọ̀ Japheth ni mo fẹ́ sọ.

Kí ogun Kísà, ogun òyìnbó Jámánì, tó bẹ́ sílẹ̀, èmi àti Japheth jọ ń ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ní Gbági, tó ń ra kòkó, tó sì ń ta aṣọ. Japheth ló mú mi débẹ̀. Òun ló bẹ òyìnbó kí wọ́n tó gbà mí, òun ló tún kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di kálámù mú, nígbà tí ìwé ọwọ́ mi ṣì rí wúruwùru. Ṣé ẹ rí irú ẹni tí mo fi ibi san oore fún? Iṣẹ́ wa ni kíkọ ìwé sí àwọn oníbàárà káàkiri ìlú, pé ọjà báyìí ti dé, pé kòkó ti gbówó lórí, kí wọ́n wá. Ọwọ́ la fi ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọjà bẹ̀rẹ̀ ìwé sí àgbà Ìbàdàn? Wàá kọ́kọ́ kí i ná. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, wàá kí i kú àbọ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, wàá kí i kú ará-fẹ́ra-kù. Japheth ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú wa. Bí wọ́n bá ka ìwé rẹ̀ sí oníbàárà létí, ọkùnrin náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí wọ́n tún un kà, kí ará ilé lè gbọ́.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ ojú irin gbé àpótí kan dé láti Èkó. Ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀. Wàá kọ ìwé kan ṣoṣo sórí bébà tí wọ́n fi ìda pa, wàá tẹ́ ẹ mọ́ ara ẹ̀rọ, wàá fi tàdáwà sí i, wàá sì máa yí ọwọ́ rẹ̀. Ìwé yóò máa jábọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo wọn á rí bákan náà. Inú òyìnbó dùn bí ọmọdé. Ó ní owó oṣù akọ̀wé ti pọ̀ jù, pé ẹ̀rọ yìí àti ẹnì kan tí yóò máa yí i ti tó. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ dán an wò ná. Ó ní kí èmi máa fi ẹ̀rọ kọ̀wé sí apá kan ìlú, kí Japheth àti akọ̀wé méjì yòókù máa fi ọwọ́ kọ ti Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Bí ẹ̀rọ bá wúlò, àwọn ni yóò lọ. Bí kò bá wúlò, yóò dá a padà síbi tó ti rà á, èmi tí mo dé gbẹ̀yìn ni yóò sì lé lọ láti dín owó oṣù kù.

Ẹ̀rọ náà kò wúlò rárá. Àwọn ènìyàn ń fi ìwé rẹ̀ pọ́n àkàrà. Ìyá kan tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wa, Ìyá Sẹ̀gilọlá, gbé tirẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ta ni ìwé yìí ń bá sọ̀rọ̀ gan-an? Ó kàn kí mi bí ẹni ń kí èrò ọjà, kò tiẹ̀ béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Japheth bá mi kọ tèmi." Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ń bọ́ lọ. Oyún rẹ wà nínú ìyá rẹ nígbà náà, Bọ́lájí, ẹ̀rù ebi sì ń bà mí. Àwáwí lásán nìyẹn o. Japheth náà ní ìyàwó.

Oníyanrìn ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Bẹẹrẹ, Japheth sì ń gbé ní Òkè Bọ́lá. Nítorí náà, èmi ló máa ń bi léèrè ìròyìn Bẹẹrẹ kó tó kọ̀wé sí wọn. Ẹnu mi ló gbẹ́kẹ̀ lé. Oníbàárà wa tó tóbi jù níbẹ̀ ni Bàbá Sàláúdéènì, aláṣọ. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni Sàláúdéènì, kì í ṣe ti ọmọ. Ó ti pẹ́ tí òun àti Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ ti ń wá ọmọ, gbogbo wa la sì mọ̀ pé oyún Ràbíátù ti tó bí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó rọbí. Ọmọ ọkùnrin ló bí. Ọmọ náà kò ké, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e kí oòrùn tó wọ̀. Mo wà níbi tí wọ́n ti sin wọ́n, mo bá wọn da erùpẹ̀ sí i. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Japheth mú kálámù, ó ní, "Bọ̀wálé, ìyàwó Bàbá Sàláúdéènì ńkọ́? Ṣé ó ti bí?" Òtítọ́ wà lẹ́nu mi. Mo wo ẹ̀rọ tó wà ní igun yàrá, mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ó ti bí. Ọkùnrin ni." Ó fò sókè, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun!" Mo ní, "Kọ ọ́ kó dùn o." Láti ìgbà náà ni mo ti ń tan ara mi pé mi ò purọ́, pé ọkùnrin sáà ni ọmọ náà. Irọ́ ni mo pa, irọ́ burúkú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹta. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ òyìnbó, mo lọ, mo jókòó lórí ẹní láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn. Ìránṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa mú ìwé náà wọlé. Bàbá Sàláúdéènì kò mọ̀wé kà. Ó nà án sí Sàídì, àbúrò Ràbíátù, ó ní kó kà á sókè, pé ìwé Japheth ni, yóò tù wọ́n nínú. Sàídì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Bàbá wa, ẹ kú ewu ọmọ o. A gbọ́ pé àlejò ọkùnrin ti dé. Ẹ bá wa kí ìyá ìkókó..." Ó fẹ́ ká ìwé náà. Bàbá Sàláúdéènì ní, "Kà á tán." Sàídì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ó tó báyìí." Ó ní, "Mo ní kóo kà á tán." Sàídì kà á tán pẹ̀lú omijé, títí kan ibi tí Japheth ti ní àwọn ń bọ̀ wá jẹun ìkómọ. Àwọn obìnrin tí ẹkún wọn ti ń rọlẹ̀ tún bú sẹ́kún. Mo fẹ́ dìde kí n kígbe pé èmi ni. Mo tún ẹsẹ̀ mi ká, mo sì jókòó.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Sàláúdéènì wá sí Gbági pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ó ju ìwé náà sórí tábìlì. "Japheth, kí ni mo fi ṣe ọ́? Ṣé òkú mi lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?" Japheth yíjú sí mi. Kò sọ pé èmi ni mo sọ fún òun. Ó kàn ń wò mí, ó ń dúró kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Bàbá Sàláúdéènì ní, "Bọ̀wálé, ìwọ tóo bá wa débi sàréè, ṣé oò sọ fún un ni?" Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo ní, "Mo sọ fún un pé wọ́n kú, Bàbá. Mi ò mọ ohun tó ń kọ." Ojú Japheth ni mo ti wí bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Sàláúdéènì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má bínú." Kò tún wo ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Òyìnbó ní ẹ̀rọ òun kò lè dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láé. Kí oṣù tó parí, Japheth àti àwọn méjì yòókù ti lọ, òyìnbó sì ń yìn mí pé mo bá òun dín ìnáwó kù. Japheth di tíṣà ní abúlé. Louisa, o ti bi mí rí ìdí tí bàbá rẹ kì í fi í gba Bẹẹrẹ kọjá bó bá ń lọ sí Ọjà'ba. Mo ní bóyá ọ̀nà yẹn ló jìn. Itọ́ ni wọ́n máa ń tu sílẹ̀ níbẹ̀ bí wọ́n bá rí i. Nígbà tí Bọ́lájí mú ọ wá, mo rò pé Japheth yóò kọ̀, yóò sì tú àṣírí mi. Lọ́jọ́ ìdána, ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Bọ̀wálé, ọmọ mi nìyí. Bá mi tọ́jú ẹ̀." Kò fi nǹkan kan kún un títí ó fi kú.

Má sunkún ná, Louisa. O ti fọ aṣọ mi, o ti gbé mi dìde, o ti nu itọ́ lẹ́nu mi, ẹnu tó ba bàbá rẹ jẹ́. Bí o bá fẹ́ bínú lọ, Bọ́lájí kò gbọdọ̀ dá ọ dúró. Mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n má tíì dá mi lóhùn. Bàbá Sàláúdéènì ṣì wà láàyè. Ó ti fọ́jú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbọ́ràn. Ẹ gbé mi lọ sí Bẹẹrẹ lónìí. Bí ikọ́ bá fẹ́ pa mí lójú ọ̀nà, kó pa mí. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, níwájú gbogbo ará ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Louisa, bí wọ́n bá bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, kí o pe orúkọ bàbá rẹ sókè.