Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò Lára Àwọn Tó Kú Sínú Odi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Láti ìgbà tí mo wà ní ọmọbìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mo sì ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé wọ́n fẹ́ gbẹ́ irọ́ tí mo pa sára òkúta.

Ìlú wa kò jìnnà sí Upenmen, lágbègbè Ọ̀wọ̀. Odi àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ìlú. Nígbà ogun, àwọn jagunjagun wa díẹ̀ há sínú rẹ̀, àwọn ọ̀tá sì dó tì wọ́n títí omi fi tán lọ́dọ̀ wọn. Wọn kò ṣílẹ̀kùn títí wọ́n fi kú. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn obìnrin àti ọmọdé ráyè sá lọ. Lọ́dọọdún, a máa ń lọ rántí wọn. Wọ́n á pe orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọmọ ilé onítọ̀hún á sì da igbá omi kan sẹ́sẹ̀ odi. Bàbá mi ló máa ń pe orúkọ.

Ìyá arúgbó kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tó mọ ìtàn náà ju gbogbo ìlú lọ. Ó sọ fún àwọn àgbà pé ẹnì kan wà nínú àwọn tí à ń pe orúkọ wọn tó sá kúrò nínú odi, òun yóò sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tó bá wá kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n rán èmi àti Ràfíátù, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ bàbá télọ̀. Ibà dá Ràfíátù dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni mo lọ.

Màmá ní, “Ọmọ mi, Fálànà, baba ńlá Ràfíátù, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi kú. Ajíbóyè, baba ńlá tìẹ, ló fi okùn sọ̀ kalẹ̀ pé òun ń lọ wá omi. Kò padà mọ́. Má bínú. Òùngbẹ ni.”

Mo rò ó títí mo fi délé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá mi. Pípe orúkọ yẹn nìkan ló kù tí wọ́n fi ń gbé e jáde sáàárín èèyàn. Bí ìlú bá gbọ́ pé baba ńlá rẹ̀ ló sá, wọn kò ní jẹ́ kó pè é mọ́. Mo kọ ọ́ pé Fálànà ló sá. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni tún bi Màmá, Màmá kú.

Lọ́jọ́ ìrántí, bàbá Ràfíátù gbé igbá omi rẹ̀ wá bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n ní kó padà sẹ́yìn, lójú gbogbo ayé. Ó rọra gbé igbá náà sílẹ̀.

Ràfíátù wá bá mi nírọ̀lẹ́. “Ṣé bí Màmá ṣe sọ ọ́ nìyẹn?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó ní, “Bó bá jẹ́ ìwọ lo gbọ́ ọ, mo gbà.”

Kò pẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi kó gbogbo ilé wọn lọ sí Okeluse.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo gbàgbé. N kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń di irun mi, á fà á le títí omi á fi jáde lójú mi, á wá máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá rí obìnrin gíga kan lọ́jà Ọ̀wọ̀ tó ń rìn bíi tirẹ̀, mo máa ń tẹ̀ lé e. Mo ti tẹ̀ lé àwọn tí n kò mọ̀ rí dé ìdí ọkọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù. Ó ti gbọ́ pé ọkọ mi kú. Ó ṣì ń sọ èdè ilé wa bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí.

“Ṣé wọ́n ṣì ń da omi?” ló bi mí.

“Wọ́n ṣì ń dà á.”

“Bàbá mi ní ká má gbé òkú òun wálé. Ó ní ojú ń ti òun.”

Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ọkọ mi ni mò ń sunkún, ó sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti gbé òkúta wá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni agbẹ́kùúta máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú ìwé orúkọ wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ajíbóyè ló wà lókè pátápátá.

Bàbá mi ti kú. Kò sí ẹni tí mò ń gbà sílẹ̀ mọ́, àfi ara mi. Mo fẹ́ lọ sí Okeluse kí n wólẹ̀ fún Ràfíátù kí n tó sọ fún ìlú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Yóò dárí jì mí kí n tó sọ̀rọ̀ tán, yóò sì bẹ̀ mí pé kí n má dójú ti ara mi, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dá a lóhùn?