Ìràwọ̀ Tí Jere Ṣí Nípò

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ohun tí Lásárù Jere ń tún sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn bó ṣe jókòó síwájú nínú gbọ̀ngàn ìjọ ní Kitwe, ìlú ìwakùsà ní Zambia, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ alàgbà ìjọ. Ó ti gbàdúrà fún aláìsàn, ó ti tu ọ̀pọ̀ opó nínú, síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò tíì jẹ́wọ́ lójú ẹnikẹ́ni àfi lójú Olúwa.

Ariwo àwọn ọ̀dọ́ gba gbogbo ilé. Thandiwe, olórí ẹgbẹ́ akọrin, ló rí àwo orin àtijọ́ kan nínú ẹrù ìyá rẹ̀ àgbà. Òun ni àwo kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì Imfula ṣe, nígbà tí Jere ṣì ń ta gìtá báàsì, tí irun rẹ̀ rí bí ìtẹ́ ẹyẹ. Gbogbo ìlú ló mọ orin ijó tó wà lójú kan àwo náà. Orin tó wà lójú kejì ni kò sẹ́ni tó mọ̀, òun sì ni àwọn ọmọ yìí ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́ títí giramafóònù fi gbóná: “Ìkọ́ kan ṣófo lára ògiri. Bàbá, gbé àtùpà rẹ wá sókè.”

“Orin ìfẹ́ ni!” Chola, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, pariwo. “Obìnrin ti kó aṣọ ẹ̀ kúrò lára ìkọ́, ó ti lọ!”

“Obìnrin nìkan ló máa ń wà lọ́kàn tìẹ!” Thandiwe dá a lóhùn. “Àdúrà ni. Bàbá wa ọ̀run ló ń pè.”

“Bàbá tó wà lọ́run, kí wọ́n tún ní kó wá sókè? Ibo ló kù tó fẹ́ gùn?”

Ẹ̀rín bú jáde. Kapambwe, ọmọ ẹgbẹ́ Imfula tó kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ tó sì fi ohùn rẹ̀ kọ ọ́, húkọ́, ó gbé ọwọ́ sókè. “Bàbá tó bí mi ni. Ìsàlẹ̀ kòtò ìwakùsà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá jáde á dá àtùpà ẹ̀ padà sórí ìkọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo ìkọ́ kún, ó ku ẹyọ kan.”

Gbogbo ilé fò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń sunkún. “Bàbá Kapambwe, kí ló dé tẹ́ ò kọ òmíràn mọ́?” ni àwọn ọ̀dọ́ bi í.

“Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò, àwọn èèyàn fi rẹ́rìn-ín. Mo bá gbé gìtá jù sílẹ̀, mo wọ kòtò lọ bíi bàbá mi.”

Jere dìde. “Wọn ò gbé e rí! Èmi ni mo pa orin yẹn!”

Ẹ̀rín tún sọ, nítorí Ngoni ni Jere, Bemba sì ni Kapambwe. Èébú ni ẹ̀yà méjèèjì fi ń kí ara wọn: Bemba á ní Ngoni ń jẹ èkúté, Ngoni á ní Bemba ń jẹ ọ̀bọ; síbẹ̀ ìbátan ni wọ́n ń pe ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú.

“Ajẹ̀kúté ti bẹ̀rẹ̀!” ni Kapambwe wí. “Ẹ bu munkoyo fún un mu, kó lè panu mọ́.”

“Kì í ṣe àwàdà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.” Jere kúnlẹ̀, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu wọn. “Nígbà yẹn, tí a bá ń fi àwo ránṣẹ́ sílé rédíò, a máa ń lẹ ìràwọ̀ pélébé kan mọ́ ojú tí a fẹ́ kí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́. Wọn kì í yẹ ojú kejì wò. Gbogbo ẹgbẹ́ fẹnu kò lórí orin Kapambwe, wọ́n sì ní kí èmi gbé àwo náà lọ. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti fi èékánná ṣí ìràwọ̀ náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orin ijó tèmi. Ìlara ni, kò lórúkọ míì. Síbẹ̀ ìyẹn kọ́ ló burú jù. Kapambwe ò ní rédíò. Ó wá bá mi, ó ní, ‘Ìbátan, ṣé wọ́n ti gbé tèmi?’ Ǹ bá jẹ́wọ́ níbẹ̀, èmi ẹni ibi! Mo ní, ‘Wọ́n gbé e. Àwọn èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín pé ẹkún ọmọ aláìníbaba ni.’ Ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà fún yín yìí ni mo fi sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jẹ́wọ́ ni Kapambwe máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì sá sábẹ́ àwàdà. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ̀bùn ẹlòmíì bá ń dùn yín lọ́kàn, ẹ tètè ké pe Ọlọ́run kí ọwọ́ yín tó ṣe ibi. Kapambwe, forí jì mí.”

“Jere.” Kapambwe kò pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀ rí. “Má pè mí ní ìbátan lónìí.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Jere lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọn ì bá ṣe, àfi Thandiwe tó dá orin náà. Ohùn kan gbà á, òmíràn gbà á, gbogbo gbọ̀ngàn gbà á, títí ohùn arúgbó Kapambwe fúnra rẹ̀ fi là á já, tí ó ń pe bàbá rẹ̀ sókè, tí ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ọ̀dọ́kùnrin. Lójijì ó dá wọn dúró.

“Ẹ sinmi ná! Orin yìí kò nísàlẹ̀. Báàsì dà?” Ó bojú wo ọkùnrin tó ṣì wà lórí eékún. “Ìwọ ajẹ̀kúté, ṣé kí n wá gbé ẹ dìde ni? Gìtá nìyẹn lára ògiri.”

Ajẹ̀kúté! Jere fi apá nu omijé, ó sáré lọ gbé gìtá, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. “Mò ń bọ̀,” ni ó dáhùn, “ìwọ ajọ̀bọ.”