Fèrèsé Tí Mo Ṣí Ló Ba Ọfà Mùfútáù Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mi ò kàwé jìnnà, ẹ bá mi fara da bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún tó kọjá. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tí mo ṣẹ̀ wá bá mi fúnra rẹ̀, òun ló tún ń bẹ̀ mí. Mi ò lè gbé e mọ́.

Ọfà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń díje là ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkirè. Èmi àti Mùfútáù la jọ wà lábẹ́ Ọ̀gá. Iṣẹ́ tó gbẹgẹ́ jù ni kí á fi gúlù lẹ ìyẹ́ rọ́bà mẹ́ta mọ́ ìdí ọfà. Ìyẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ọfà lọ tààrà. Ọ̀gá ní kí á fi sípíríìtì nu ọ̀pá ọfà, kí á má lẹ ìyẹ́ tí òjò bá ń rọ̀, kí á sì máa ti fèrèsé ẹ̀yìn, torí ìyá kan ń dín dòdò níbẹ̀. Tí èéfín epo bá bà lé ọ̀pá, ojú ò ní rí i, àmọ́ gúlù ò ní mú.

Mùfútáù mọṣẹ́ jù mí lọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa ń làágùn, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ ìbọ̀wọ́, ìyẹ́ tó bá sì lẹ̀ kì í bọ́. Nígbà tí Ọ̀gá ní òun máa fi ṣọ́ọ̀bù kejì ní Àpòmù lé e lọ́wọ́, inú bí mi. Kò ṣẹ̀ mí o. Ìlara ni.

Ọ̀sẹ̀ ìdíje, Mùfútáù nu ọ̀pá méjìlá mọ́, ó tò wọ́n, ó lọ kírun Alásàrí. Mo ṣí fèrèsé ẹ̀yìn. Mo jókòó, mo ń wo èéfín bó ṣe ń wọlé. Nígbà tí mo gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti fèrèsé náà. Òórùn dòdò kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù wa, kò fura. Ó lẹ ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó tún ń bá mi ṣàwàdà.

Lọ́jọ́ ìdíje, ìyẹ́ ń bọ́ lára ọfà lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọbìnrin iléèwé tó ń ta ọfà náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń sunkún. Ọfà kan yà, ó lọ gún ewúrẹ́ lẹ́yìn ọgbà. Ọ̀gá gbà pé òógùn ló ba gúlù jẹ́, wọ́n gbá ọwọ́ Mùfútáù mú, wọ́n gbé e sókè. “Ẹ wò ó, ọwọ́ tó ń tọ̀ sára iṣẹ́ mi rèé.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ pè é ní Ọlọ́wọ́-Odò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọlọ́kadà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. “Ọlọ́wọ́-Odò, wá bá mi fọ máṣìn.”

Ọ̀gá lé e. Bàbá ọmọbìnrin tí Mùfútáù fẹ́ fẹ́ ní àwọn ò so yìgì mọ́. Wọ́n ní, “Ọwọ́ tí ò lè mú ìyẹ́ dúró, ṣé ìyàwó ló máa mú dúró?” Mo wà níbẹ̀. Mo bá ẹbí rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú wọn, mo sì dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Èmi ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Àpòmù báyìí. Lọ́jọ́ Ajé, Mùfútáù wọlé wá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ó là, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní álọ́ọ̀mù, èyí tó ń mú òógùn gbẹ, lòun fi ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́.

“Ọ̀rẹ́ mi, fọwọ́ kàn án. Kò làágùn mọ́. Bá mi bẹ Ọ̀gá, kódà kí n máa gbálẹ̀.”

Mo fọwọ́ kàn án. Mo ní màá bá a sọ fún Ọ̀gá. Ó ń dúpẹ́ títí ó fi jáde.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Tí mo bá jẹ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù á bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, òun ni àbí Ọ̀gá? Ẹ tètè dá mi lóhùn, torí ó ṣì ń fi álọ́ọ̀mù fọ ọwọ́ tí kò ṣẹ̀.