Omi Tí Mo Mu Níṣojú Wọn ní Mọníyà

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ọdún 1993, mo mu ife omi kan níwájú àwọn adájọ́ ní Mọníyà, gbogbo èrò sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbé irọ́ inú ife yẹn kiri. Dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì kò ṣiṣẹ́ mọ́. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ kòtò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Hezekiah ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjàyè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe lébìrà lọ́sàn-án tí mo ń lọ ilé-ìwé alẹ́. Bàtà rọ́bà kan ṣoṣo ni mo wọ̀ fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí ìyìn fi máa ń pa mí bí ọtí. N kò fi gba ara mi sílẹ̀.

Wọ́n ní kí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá fi àfihàn sáyẹ́ǹsì díje ní Mọníyà. Nínú àwọn ọmọ Pírámárì Fáìfù mi, Hasanat, ọmọ Lìádì àgbẹ̀, ló béèrè pé ṣé kò sí ohun tí a lè ṣe sí odò wa tí kì í mọ́. Mo fi hàn án nínú ìwé pé a lè sẹ́ omi bí a ṣe ń sẹ́ ògì. A gé ìdí kẹ́ẹ̀gì kan, a dojú rẹ̀ délẹ̀, a fi òwú dí ẹnu rẹ̀, a da èédú lé e, a da yanrìn lé èédú, a wá fi òkúta wẹẹrẹ bò ó. Inú ààrò ìyá rẹ̀ ni Hasanat ti ṣa èédú náà. Ó gún un títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ìwé náà sọ pé kí a ṣì se omi ọ̀hún kí a tó mu ún. Mo ka ìlà yẹn. Mo kà á dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ àfihàn, omi tó ń kán jáde pọ́n bí omi àgbo. Bóyá a kò fọ yanrìn náà tó ni. Mo rán Hasanat kó lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Kí ó tó dé, mo da omi pípọ́n nù, mo sì rọ omi ẹ̀rọ sínú ìgò tó ń kán sí. Ó padà dé, ó fò sókè: "Tíṣà, ó ti mọ́! Ẹ ò rí i? Mo sọ fún yín pé ojú ò ní tì wá!"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ purọ́ fún, kí n tó purọ́ fún àgbà kankan.

Ìyá kan tó wọ awò, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, bi í pé, "Ṣé ó ṣeé mu?" Ọmọ náà wo ojú mi. Mo gbé ife, mo mu ún tán. Àwa la gbapò kìíní. Lìádì wà láàárín èrò, ó ń fi fìlà nu ojú.

Nígbà tí Lìádì délé, ó ṣe asẹ́ omi ńlá mẹ́ta tirẹ̀. Omi wọn mọ́ lójú lóòótọ́. Ohun tí ń pa ènìyàn nínú rẹ̀ ni ojú kò rí. Ó wá ń fi Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Hasanat, sinmi igi ṣíṣẹ́ o! Ò ń se omi bí ẹni ń se ẹran ògbólógbòó. Ọmọ rẹ ti di òyìnbó."

Mùjíbátù ní, "Èmi ò gbà. Ó dìgbà tí mo bá bi Tíṣà."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń gbá ìdọ̀tí wọ odò. Mùjíbátù ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká máa mu ún láì sè é?"

Ibí yìí ni iṣẹ́ ibi mi wà. Ti Mọníyà kéré sí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n sè é, Lìádì yóò béèrè pé ta ló se èyí tí mo mu lójú gbogbo ayé. Mo rò ó. Ẹ gbọ́ o, mo rò ó! Mo wá ní, "Ẹ máa mu ún. Ṣebí ẹ rí èmi náà." Mùjíbátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Àrùn onígbáméjì dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Mo bá wọn gbé Hasanat sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ní Mọníyà, mo gbé e sáàárín èmi àti ẹni tó ń wà á. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní, "Tíṣà, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ fún mi nínú omi wa."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mùjíbátù gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá kí mi. Ó ní, "Ọlọ́hun á fún yín lálàáfíà, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ ọmọ mi ní Mọníyà." Bó ṣe lọ tán, mo gbé ẹ̀kọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì mú bírò.

Mo ti ní kí wọ́n ka ìwé yìí fún un kí wọ́n tó kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. N kò lójú láti ní kó dárí jì mí. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ, bí iṣẹ́ ọmọ kò bá yọrí, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé kò yọrí.

Ènìyàn mẹ́rin ló kú nínú agboolé yẹn: Hasanat, Yasir àbúrò rẹ̀, ìyá Lìádì, àti Lìádì fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi sin wọ́n tán.