Ọkọ̀ Búlúù Tí Mo Pè Ní Tèmi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, inú yàrá ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń kọ ọ́ sí yín. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, adájọ́ sì ti ní ẹ̀wọ̀n gbére ni kí n ṣe. Wọn kì í yẹgi fún apànìyàn mọ́ ní ìlú òyìnbó. Àánú ni wọ́n ń pe ìyẹn. Èmi tí mò ń jẹ àánú náà lójoojúmọ́ ni kí ẹ bi bó ṣe korò tó.

Irọ́ kékeré kan ló gbé mi débí. Uncle Ràfíù ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé Peckham láìmọ ẹnì kankan. Ó kọ́ mi ní iṣẹ́ mẹkáníìkì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lábẹ́ afárá rélùwéè. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó ti dípẹtà. Ọdún mẹ́fà la fi tún un ṣe. A fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, a pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀, a kùn ún ní búlúù. Tí a bá ṣíná sí i, gbogbo àdúgbò á mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Uncle ní kí n gbé e lọ ra epo. Simi, ọmọbìnrin tí ọkàn mi ti ń fà sí, rí mi nílé epo.

“Wow! Ṣé tìẹ ni?”

“Tèmi ni.”

Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí mi lórí. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìyá rẹ̀ ti ń pè mí ní ọkọ ọmọ òun, a sì ti ń sọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ni Uncle bá ní òun fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Orúnkún ń dùn ún, ó fẹ́ padà sílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Oníbàárà méjì wá, mo yọ́ sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ ọ́ìlì, wọ́n sì sá lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òyìnbó kan láti Bermondsey, kò gbọ́. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀ wá wà á wò nínú ọgbà wa. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú páìpù bíréèkì, kí ọkọ̀ lè já a kulẹ̀, kí ó sì bínú lọ.

Mo gbàgbé irú ẹni tí Uncle jẹ́. Kò lè jẹ́ kí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé Àlùfáà ṣàdúà sí i. Jímọ̀ yẹn, ó wọ jalabíà funfun, ó mú kọ́kọ́rọ́.

“Mò ń gbé e lọ mọ́ṣáláṣí. Before that man comes, màá ti dé. Ṣé bíréèkì okay?”

Kì í yẹ iṣẹ́ ọwọ́ mi wò. Tí mo bá ti ní ó dára, ó parí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kò dára, yóò bi mí ìdí, Simi yóò sì gbọ́.

“Ó okay, Uncle.”

“Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà ra tìẹ.”

“Àmín,” ni mo wí.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí títì ńlá, ọkọ̀ kò dúró. Ògiri ló lọ kọlù. Uncle kú kí áńbúláǹsì tó dé. Ọlọ́pàá yẹ ọkọ̀ náà wò, wọ́n rí páìpù tí mo tú, mo sì jẹ́wọ́.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ọdún kan. Simi jókòó ní kóòtù, ó gbọ́ ẹni tó ni ọkọ̀. Kò wò mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, mo bẹ̀ yín. Tí wọ́n bá bi yín bóyá tiyín ni, ẹ ní rárá. Ìtìjú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èmi ní tèmi ni, ó sì ti di tèmi lóòótọ́: kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọkọ̀ náà ní Peckham mọ́ láìdárúkọ mi.