Wáyà Tí Mo Gé Nínú Gìtá Ìjọ

Akọ̀wé ìjọ, bí ẹ bá ń ka ìwé yìí sókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan, ojú ì báà tì yín. Èmi Theophilus, atún-rédíò-ṣe ní Òkè-Ajé, tí àwọn ọmọdé ń pè ní Bùọ̀dá Onígìtá, ni mo kọ ọ́ lórí ibùsùn. Dókítà ti bá Matilda ìyàwó mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì ti sọ ìyókù fún mi. Ọdún márùn-ún ni mo fi pa ọ̀rọ̀ kan mọ́ sínú, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Gbogbo yín lẹ rò pé ẹ mọ ìdí tí Bọ́dúnrìn fi kúrò láàárín wa nígbà ìkórè ọdún 1983. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí pé èmi ni mo ṣe é.

Ẹ ó rántí pé gìtá oníná kan ṣoṣo ni ìjọ wa ní, èmi ni mo sì kọ́kọ́ ń ta á. Èmi náà ni mo kọ́ Bọ́dúnrìn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò mọ okùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Kò ju ọdún méjì lọ tó fi ń ta ohun tí èmi tí mo kọ́ ọ kò lè ta. Àwọn ìyá ìjọ á ní, "Ọwọ́ ọmọ yìí mà dùn o!" Wọn kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ọ́, inú mi á máa ta mí bí ẹni fi ata sí egbò. Nígbà tí Alàgbà Mọ́ṣádé wá kéde pé Bọ́dúnrìn ni yóò ta gìtá lọ́jọ́ ìkórè, kí èmi máa jókòó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo dìde, mo ní, "Ògo ni fún Ọlọ́run." Irọ́ ni mo pa. Ìlara ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú mi, kò ní orúkọ mìíràn.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, gìtá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàhálà lóòótọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe sí i kò lẹ́bi nínú. Bí Bọ́dúnrìn bá yí bọ́tìnnì ohùn, á máa dún pàràpàrà bí ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ariwo, a kì í méfò níbẹ̀. Wáyà tó so gìtá mọ́ ẹ̀rọ ni à á kọ́kọ́ pààrọ̀. Bí ariwo bá ṣì wà, a ó pa iná gílóòbù gígùn tó wà lókè orí wa, torí òun náà a máa kùn wọ inú gìtá. Lẹ́yìn náà ni à á tó tú àyà gìtá. Mo tú u, mo rí i pé eruku ló kún inú bọ́tìnnì. Mo fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, mo yí i síwá sẹ́yìn, ariwo náà lọ. Ká ní mo dé e padà nígbà náà ni, n kì bá tí kọ ìwé yìí.

Wáyà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Abẹ́ irin tí àwọn okùn gìtá jókòó lé ló ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ ẹni tó ń ta gìtá bá ti kan okùn, kí ìkùn tí iná nẹ́pà ń mú wá rọlẹ̀. Bí kò bá sí i, gìtá á máa dún o, ṣùgbọ́n ìkùn náà kò ní dákẹ́, àfi bí ènìyàn bá fi ọwọ́ kan àwo irin tí ẹnu wáyà ẹ̀rọ wọ̀ sí. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò lè mọ̀. Mo mú ẹ̀mú, mo gé e. Mọ́rúfù tí a jọ gba ṣọ́ọ̀bù, tó ń tún fáànù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rí mi. Ó ní, "Theo, wáyà wo lo gé yẹn?" Mo ní kò wúlò. Ó wò mí títí, ó ní, "Wáyà ilẹ̀ ni, o sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yín ni, mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí ẹ̀ ń kọrin fún ń wò ọ́ o." Láti ọjọ́ náà, kò bá mi jẹun nínú àwo kan mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Sátidé tó ṣáájú ìkórè, gbogbo ẹni tí yóò fọwọ́ kan ohun èlò á dúró níwájú àwọn àgbà ìjọ. Ohun èlò tó bá kọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, tó sì gbọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á ní ohun èlò kò dẹ́ṣẹ̀, ọwọ́ ló dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Bọ́dúnrìn gbé gìtá kọ́rùn, ìkùn gba gbogbo ilé. Ó fọwọ́ bo okùn, kò dákẹ́. Alàgbà Mọ́ṣádé ní kí n gbà á wò. Mo gbà á, mo fi ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún mi lé àwo irin náà bí ẹni tó kàn ń sinmi ọwọ́, ìkùn sì dákẹ́. Àwọn ìyá pariwo, "Jésù!" Mo dá a padà fún Bọ́dúnrìn, ìkùn tún bẹ̀rẹ̀.

"Bọ́dúnrìn, kí lo ṣe?" Alàgbà kò fi ìbínú bi í. Ọmọ náà ronú, ó ní òun jẹ búrẹ́dì nínú ààwẹ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní kó tún gbé gìtá. Ó ń kùn. Alàgbà ní, "Ó kù. Sọ èyí tó kù." Bọ́dúnrìn wo Rachel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó láàárín àwọn akọrin, ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Ó ní nígbà tí màmá àwọn ń ṣàìsàn, tí wọ́n fi oṣù mẹ́rin kérora lórí ẹní, ó sú òun láti máa gbọ́ ọ. Ó ní òun lọ sí ẹ̀yìnkùlé, òun sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ọjọ́ kẹta ni màmá kú. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí," ló wí. "Mi ò mọ̀ bóyá àdúrà yẹn ló pa wọ́n."

Rachel kò sunkún, ó kàn ká ọwọ́ lé orí. Wọ́n tún gbàdúrà, wọ́n ní kí Bọ́dúnrìn gbé gìtá lẹ́ẹ̀kan sí i, ká lè mọ̀ bóyá Ọlọ́run ti dárí jì í. Ìkùn náà kò yí padà. Nígbà náà ló yíjú sí mi, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe gìtá yìí?" Ẹ̀yin ará, ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Wáyà tí mo gé, mo lè fi òjé tí a fi iná yọ́ lẹ̀ ẹ́ padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ bi mí ní ìbéèrè kan, gbólóhùn kan péré ì bá gbà á là, mo sì wò ó lójú, mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe é. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo lẹ wáyà náà padà. Lọ́jọ́ ìkórè mo ta gìtá, kò kùn rárá, ẹ̀yin sì ní ọwọ́ mi mọ́. Rachel kó ẹrù àbúrò rẹ̀ síta. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pe Bọ́dúnrìn ní Afàdúrà-pa-ìyá. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kó lọ sí Odogbolu, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé di òní yìí. Kò fọwọ́ kan gìtá mọ́.

Ní oṣù tó kọjá, kí ẹsẹ̀ mi tó wú, mo wọ mọ́tò lọ bá a. Mo ti múra pé yóò gbá mi létí. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ya àwòrán wáyà náà sórí ìwé fún un. Ó fi ìka tọ ìlà wáyà náà. Ó wá ní, "Ṣé pé kì í ṣe màmá mi ni?" Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, bí fíríìjì bá ń kùn, tàbí tiransifọ́mà lójú pópó, ńṣe lòun máa ń dúró, torí màmá òun lòun ń gbọ́ tí wọ́n ń kérora. Ọdún márùn-ún gbáko! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò ní òun dárí jì mí, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn níwájú yín. Ó kàn ní, "Ẹ sọ fún Àǹtí Rachel. Ẹ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn."

Mo ti ń sọ ọ́ nìyí. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ pe oníṣẹ́ méjì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ tú àyà gìtá náà, ẹ ó rí ibi tí òjé ti wú ju ti ìyókù lọ, torí ìkánjú ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ohun tí ẹ mọ̀ tí àwọn tó yí yín ká kò mọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rù ara yín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín, bí ẹ bá lè fún mi.

Sísítà Rachel, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì kejì lọ́wọ́ òsì. Odogbolu kò jìnnà. Àbúrò yín gbàdúrà pé kí màmá yín sinmi, nítorí pé ó fẹ́ràn wọn, kò sì lè wo ìyà wọn mọ́. Ìkùn tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Ọlọ́run kọ́ ló ń dá a lẹ́jọ́, màmá yín kọ́ ló sì ń ráhùn. Wáyà ni. Èmi ni mo gé e.