Ìlà Tẹlifóònù Ilé Ìgbẹ̀bí Wásinmi

Inú mọ́tò tó ń lọ sí Wásinmi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀rọ tẹlifóònù Abẹ́òkúta. Ẹnjiníà kan ló ń bá ìyá àgbà tó ń so ìpè ní Wásinmi sọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà ní, "Màmá, lọ́la la ó kó gbogbo ìlà sórí ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ yín ò ní lè bá a sọ̀rọ̀."

"Ilé ìgbẹ̀bí ńkọ́? Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbà pe dókítà."

"Ẹ̀rọ tiyín ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

"Ṣé aboyún á dúró dè é?"

Ẹnjiníà ní, "A ó fi ìlà kan sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ àtijọ́ l'Abẹ́òkúta fún yín títí tiyín á fi dé."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i."

Ó mú bírò, ó kọ ọ́ lójú ìyá náà.